Irọ́ Ni Pé Cloud Ń Pa Ọjà Sọ́fítíwíà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta sọ́fítíwíà, àti ẹ̀yin tí ẹ fowó sínú ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ̀ yín lára. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwíà pa, èyí tí oníbàárà ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò gbọdọ̀ kó o lọ sórí cloud, níbi tí wọ́n ti ń sanwó lóṣooṣù. Wọ́n ní ọjà tuntun yóò jẹ ọjà àtijọ́ run, pé a kì í fi ọwọ́ ara ẹni ṣe ara ẹni. Irọ́ ni, ìṣirò ni n ó sì fi já a.

Ẹ wo Adobe, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Photoshop. Ní 2012, dọ́là 2,599 ni wọ́n ń ta CS6 Master Collection, àkójọ irinṣẹ́ rẹ̀ tó pé jù lọ. Ọdún yẹn náà ló gbé Creative Cloud jáde, dọ́là 49.99 lóṣù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ó kéde pé kò sí CS tuntun mọ́, pé cloud ló kù. Owó tó wọlé fún un wálẹ̀ láti bílíọ̀nù 4.40 dọ́là ní 2012 sí bílíọ̀nù 4.06 ní 2013. Èrè já láti mílíọ̀nù 833 sí mílíọ̀nù 290. Àwọn alátakò ní, "Ṣé ẹ rí i?"

A rí i. Ṣùgbọ́n onílé tó bá ta ilé rẹ̀ pa, ọjọ́ kan ló ń ka gbogbo owó. Bó bá gba ayálégbé sí i, owó àkọ́kọ́ kò ní tó nǹkan, síbẹ̀ ilé kò sọ nù. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó Adobe rí: ẹni tí ìbá san 2,599 lẹ́ẹ̀kan, 49.99 péré ni wọ́n lè kà sí owó oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀. Oṣù 52 ni yóò fi san iye yẹn pé, kò sì sí ẹni tó ní kó dúró níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ ṣì wà lọ́nà. Nígbà tó fi máa di 2015, owó tó wọlé fún Adobe ti di bílíọ̀nù 4.80, ní 2018, bílíọ̀nù 9.03. Kí ni wọ́n jẹ run níbẹ̀?

Ẹ tún dé Ṣómólú l'Ékòó, láàárín àwọn atẹ̀wé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà níbẹ̀, Photoshop ayédèrú ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ta nínú wọn ni ìbá san dọ́là 2,599? Oníbàárà tí kò rà lánàá, ẹ kò lè pàdánù rẹ̀ lónìí. Owó oṣooṣù ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún irú wọn láti rà rárá.

Ẹni tó ní òun ń dáàbò bo ọjà àtijọ́ ńkọ́? Siebel ni ọ̀gá nínú sọ́fítíwíà àbójútó oníbàárà nígbà tí wọ́n dá Salesforce sílẹ̀ ní 1999 láti ta irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó di 2003 kí Siebel tó gbé OnDemand, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, dìde. Ní 2005, Oracle ní òun yóò fi bílíọ̀nù 5.85 dọ́là rà á. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọjà rẹ̀ ṣe, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò bọ́ sí. Microsoft kò dúró dìgbà náà: nígbà tó fi di àárín 2017, owó Office 365, ti orí cloud, lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ti ju ti Office àtàpa lọ.

Ewu kan wà tí n kò ní bò mọ́lẹ̀. Oníbàárà tó ra àtàpa, tí inú bá bí i, ó ti sanwó tán. Lórí cloud, àdéhùn rẹ̀ ń parí, ó sì lè máa lọ. Nítorí náà, nígbà ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ má béèrè iye àtàpa tí cloud gbà lọ. Ẹ béèrè iye ẹni tí àdéhùn wọn parí, iye tó tún un ṣe, àti ohun tó lé àwọn yòókù.