Ike tí wọ́n fi àgbàdo ṣe kì í ṣe ewé ẹ̀kọ o!

Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti rí ike tó ń jẹrà, pé irè oko ni wọ́n fi ń ṣe é dípò epo rọ̀bì. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má tètè jó sí ìlù yẹn.

Láti ọdún 2002 ni iléeṣẹ́ NatureWorks ti ń fi àgbàdo ṣe ike tí wọ́n ń pè ní PLA ní Nebraska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ṣúgà inú àgbàdo ni wọ́n ń jẹ́ kó kan kó tó di ike. Lóòótọ́ ló ń jẹrà, àmọ́ ibi tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni, níbi tí ooru ti tó ìwọ̀n 60. (Ìwọ̀n 100 lomi fi ń hó.) Abúlé wo ló ní irú ibẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Tí wọ́n bá jù ú sí gọ́tà tàbí oko, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa lò níbẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá sì gbé e mì kò ní mọ̀ pé àgbàdo ni.

Èyí tí Braskem ń fi ìrèké ṣe ní Brazil láti 2010 ńkọ́? Epo rọ̀bì ò lọ sí i, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n bákan náà lòun àti ọ̀rá tí a mọ̀ rí. Kì í jẹrà rárá.

Ní January 2024 nìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àwọn oníṣòwò á fi ike àgbàdo rọ́pò rẹ̀, nígbà tí àwọn ìyá tó ń ta ewé eéran àti gbódògì ṣì wà lọ́jà. Kí ìjọba tó gbà kí ẹnikẹ́ni kọ “ó ń jẹrà” sára ike, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé: níbo, ọjọ́ mélòó sì ni?