Orúkọ Ìlú Kan, Ọ̀nà Ìkọ Mẹ́fà

Nígbà tí a ń múra ayẹyẹ ọdún yìí, a rí ìwé orúkọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Nínú òpó tí wọ́n kọ ìlú sí, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n gbà kọ Ibafo. Ẹnìkan fi f méjì kọ ọ́. Ẹlòmíràn kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ dípò rẹ̀. Ènìyàn mọ̀ pé ibì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ṣàìsàn níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí ẹ̀ka Mowe àti Ibafo béèrè orúkọ àwọn ará tí wọn yóò máa bẹ̀ wò, tirẹ̀ kò jáde. Ìkéde ìsìnkú ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Èrò wa ni pé kí a má ṣe fi ọwọ́ tẹ orúkọ ìlú mọ́. Kí àtòkọ máa ṣí sílẹ̀ nínú òpó náà, kí olúkúlùkù yan tirẹ̀. Kí a yan ìjọba ìbílẹ̀ ṣáájú nínú 20 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: ẹni tí ó bá yan Ọbáfẹ́mi-Owódé yóò rí Mowe àti Ibafo, ẹni tí ó bá yan Ifọ yóò rí Ifọ àti Akute.

Ṣùgbọ́n inú dátábéèsì kan ṣoṣo ni kí àtòkọ náà ti máa wá, kí a má ṣe dà á kọ sínú fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí Owódé Ẹ̀gbá wà, Owódé Yewa sì wà. Ojú yóò rí orúkọ. Nọ́ńbà ni ìwé yóò fi pamọ́. Bí a bá tún orúkọ kan kọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlà ti tọ́ nìyẹn. Èyí kì í ṣe ohun tuntun: láti ọdún 1970 ni Edgar F. Codd ti ilé-iṣẹ́ IBM ti fi ìpìlẹ̀ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lélẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àtòkọ lè ti ènìyàn síta. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú Ẹ́sírà orí kejì, àwọn ọmọ àlùfáà kan wá orúkọ wọn nínú ìwé ìran, wọn kò rí i, a sì yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Àdúgbò tuntun sì ń yọ lójoojúmọ́ ní Mowe. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ yóò yan ti aládùúgbò kí ó lè kọjá. Àṣìṣe tí a kọ ṣákálá, ojú lè rí i. Èyí tí a yàn láti inú àtòkọ mọ́ tónítóní, kò sí ẹni tí yóò fura sí i. Nítorí náà, kí àyè kan wà fún "ìlú mi kò sí níhìn-ín," kí akọ̀wé kan sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Kí ìlà àkọ́kọ́ nínú àtòkọ ṣófo pẹ̀lú, kí ẹni tí ń kánjú má baà di ará Abẹ́òkúta láìmọ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará wa, kí ẹ tó lọ sídìí oúnjẹ lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ìlà tiyín wò. Ẹni tí a bá mọ ilé rẹ̀ ni a lè bẹ̀ wò.