Iṣẹ́ ìjọba tí ò ní fáìlì

Ẹ̀yin tèmi, mo rí ohun tí ẹ ń pín kiri láti àárọ̀: pé kí ìjọba yọ iṣẹ́ àwọn àjọ kan kúrò lábẹ́ òfin iṣẹ́ ọba, kí wọ́n lè tètè gba àwa ọ̀dọ́ wọlé. Èmi ò sí níbẹ̀ o.

Ṣé ẹ rántí O'YES? Arẹ́gbẹ́ṣọlá gorí àlééfà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, kò ju 100 ọjọ́ lọ tí wọ́n fi gba 20,000 ọ̀dọ́ káàkiri Ọ̀ṣun. Ó yá lóòótọ́! ₦10,000 lóṣù, ọdún méjì, ó tán. Kò sí ìgbéga, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. (Mi ò ní ó burú o. Ẹni tébi ń pa mọ iyì ₦10,000 nígbà yẹn.) Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ọba. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Láyé ológun, wọ́n fẹ́ fi tipátipá mú Shitta-Bey, lọ́yà ní mínísírì ìdájọ́ àpapọ̀, fẹ̀yìn tì. Ó gbé wọn lọ kóòtù. Ní 1981, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ìlànà iṣẹ́ ọba lágbára òfin, wọn ò lè lé òṣìṣẹ́ ọba bí ẹni ń lé adìyẹ. Ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n mú kúrò nìyẹn!

Ẹ ó ní àwọn ọ̀lẹ ń sá pamọ́ sábẹ́ òfin ọ̀hún. Òótọ́ ni. Mo ti dé ọ́fíìsì tí mo ti bá báàgì lórí àga, mi ò bá ẹni tó ni ín. Àmọ́ ìlànà yẹn náà ní bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ọ̀lẹ, ọ̀gá ni ò fẹ́ kọ query.

Abala 208 nínú ìwé òfin 1999 ti fún gómìnà láyè láti yan àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá ń lọ, wọ́n á bá a lọ. Ìyẹn dáa. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ńkọ́, kí ló pa òun àti gómìnà pọ̀ tí wọ́n á fi jọ lọ?

Bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa ní Másífà ṣe casual fún ọdún mẹ́sàn-án níléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀gá tuntun dé, ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ fún un pé kó má wá mọ́. Kò sí lẹ́tà kankan tó lè mú lọ bá lọ́yà. Ó ti wà l'Ábíján báyìí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò.

Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù dé lọ́la, kẹ́ ẹ tó máa tag èèyàn, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ló máa fọwọ́ sí lẹ́tà mi? Bí wọ́n bá ní ọ̀gá ni, ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀gá ò ní lọ.