Ta ló ní kò sí ohun èlò iṣẹ́ ọnà?

Ó ti di orin lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà pé ọ̀dà wọ́n, pépà wọ́n. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa da àkọsílẹ̀ ojú pátákó kọ. N kò fara mọ́ ọn.

Fúláwà ife méjì, iyọ̀ ife kan àti omi ife kan tó láti mọ ère kékeré. Bí ó bá gbẹ, tàdáwà ni a ó fi ya ojú àti ilà sí i. Ṣùgbọ́n iyọ̀ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́. Ní Ìdànrè, ère tó le koko nígbà ọyẹ́ lè rọ̀ bí òjò bá dé, kí tàdáwà rẹ̀ sì ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí a fi ń ṣe fúláwà ti ń wá. Ṣé ẹ̀gẹ́ tán lóko ni?

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Wọn a se làfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, wọn a fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sórí aṣọ, wọn a sì rì í bọ aró léraléra. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kì í mu aró tó ibi yòókù. Òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú ọnà tí wọ́n pè ní Ìbàdàndùn. Àtẹ̀gùn orí òkè Ìdànrè ńkọ́?

Àwọn kan yóò ní oúnjẹ ni a fẹ́ fi ṣeré. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo lákòókò ọ̀wọ́n yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún ọmọ kan. Làfún kò fà bí fúláwà. Bí a kò bá kọ́kọ́ se díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi po èyí tó kù, yóò sán.

Kó sán náà! Bàbá Bruce Onobrakpeya, tó ti ṣe olùkọ́ rí ní ìlú Oǹdó tí kò jìnnà sí Ìdànrè, kò ju páànù ìtẹ̀wé tí ásíìdì bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nù. Ó tún un ṣe, ibẹ̀ ni ọ̀nà ìtẹ̀wé tuntun ti là fún un.

Kí àwọn ọmọ mọ ère tiwọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé: èyí tó sán, èyí tó bu, èyí tí tàdáwà rẹ̀ dúró. Kí olùkọ́ sì fún èyí tó sán ní máàkì, bí ọmọ náà bá lè sọ ohun tó fà á.