Ẹ Má Dá Ààrò Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀ tó dé. Àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a fòfin dè é, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má yan kéèkì fún Ọjọ́ Yorùbá mọ́, kí a máa rà á nígboro. Èmi ni mo ba kéèkì èṣí jẹ́. Bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú sí kòtò ló mọ bó ṣe jìn tó.

Àwọn tó wà níbẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ẹgbẹ́ dáwó, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ oníkéèkì ni mí, pé láti kékeré ni mo ti ń bá ìyá mi po ó nílé wa ní Abẹ́òkúta. Irọ́ kọ́. Mo wọn fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà bí ìyá mi ṣe ń wọ̀n ọ́n, mo fọ ẹyin mẹ́wàá sí i, mo gbé e sínú ààrò onígáàsì tí màmá onílé mi yá mi. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ti wú dé etí páànù. Inú mi dùn, mo ṣí ìlẹ̀kùn ààrò lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè rí i. Nígbà tó máa tó ìdajì wákàtí, àárín rẹ̀ ti rì wọlé bí ojú ọpọ́n ayò, ẹ̀gbẹ́ kan dúdú bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ṣúgà lílọ̀ la fi dí kòtò náà tí a fi gbé e síwájú àlejò. Nígbà tí alága fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ̀yin náà mọ ẹ̀rín tó sọ.

Lọ́jọ́ náà, mo ní ààrò yẹn ni kò dáa. Ọ̀rẹ́ mi kan fi kún un pé nǹkan ìlú yìí kì í gbe ọmọ Yorùbá. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ kiri. Lónìí, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìdí ni pé ààrò kan náà ni màmá onílé mi, tó jẹ́ ọmọ Bẹ̀rọ́m, fi ń yan kéèkì tó ń tà ní gbogbo Sátidé. Nígbà tí mo fẹjọ́ ààrò sùn wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi Haúsá bi mí pé, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo mọ̀ ọ́n tí o fi gbé ẹrù ńlá fún un?" Wọ́n gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n tẹ́ ẹ kárí irin inú ààrò, wọ́n tan iná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní kí n wò ó. Èyí tó wà lẹ́yìn lápá òsì ti jó, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣì funfun. Wọ́n ní, "Ìwà rẹ̀ nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yí páànù padà bí kéèkì bá ti gbó díẹ̀.

Nọ́ńbà ojú ààrò náà sì ti pa rẹ́. Nílé wa, nọ́ńbà 4 la máa ń yí i sí, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 180 ní ìwọ̀n Celsius. Níbí, ojú ni mo fi díwọ̀n iná. Mo ra ohun ìwọ̀n ooru kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú ààrò, mo sì rí i pé iná tí mo pè ní 180, kò ju 150 lọ láàárín.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀kan nínú wa tó ń ka ẹ̀kọ́ físíìsì là mí lójú sí. Jọ́ọ̀sì ga ju ojú òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́. Omi tó ń hó ní 100 l'Ékòó, nǹkan bí 96 ló ti ń hó níbí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà yín fi ń pẹ́ lórí iná. Afẹ́fẹ́ tí bẹ́kìn páúdà ń tú sínú kéèkì máa ń fẹ̀ jù níbí, kéèkì a wú kó tó gbó, a sì wó. Ẹ dín bẹ́kìn páúdà kù díẹ̀, ẹ fi mílíìkì díẹ̀ kún un, ẹ jẹ́ kí iná le díẹ̀ sí i. Nígbà ọyẹ́, ẹ tètè gbé bọ́tà àti ẹyin síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí bọ́tà tó dì kò ní í fẹ́ ṣúgà gbà.

Ẹyin méjì-méjì ni mo fi dán an wò, nínú kọ́ọ̀bù kéékèèké. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò dáa. Ìkẹrin dáa. Ẹni tó ń lo ìkòkò oníyanrìn lórí èédú náà, bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe.

Ẹnì kan yóò sọ pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìdánrawò. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò jiyàn. Nítorí náà, àbá tèmi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ yan kéèkì fún wa, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, fi owó ara rẹ̀ yan kékeré kan nínú ààrò tó máa lò gan-an, kó gbé e wá fún ìgbìmọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí kò bá dáa, ká lọ rà. Bó bá dáa, ká gbé iṣẹ́ fún un. Nínú wa, àwọn kan wà tí kéèkì ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń yàn tà tí wọ́n fi ń ra ìwé. Ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún wọn níta bí ẹgbẹ́ tiwọn bá ti fòfin kéde pé ọwọ́ wọn kò mọ́ ọn?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ọmọdé mọ́. Nígbà tí mo ń bú ààrò, n kò rí nǹkan kan kọ́ lára rẹ̀. Ọjọ́ tí mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Bí a bá dé ìpàdé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti òfin yìí lẹ́yìn. Èmi yóò gbé kéèkì kékeré kan wá. Ẹ tọ́ ọ wò ná kí ẹ tó nawọ́ ìbò.