Ẹ yé ta kókó okùn sí bẹ́líìtì tí ẹ fi ń gun ọ̀pẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí máa dun àwọn kan, ẹ má bínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọkùnrin kan ní Òkè-Ìléwó tó ń ta bẹ́líìtì mọ́tò tí wọ́n tú lára tòkunbọ̀. Ó ti gé e ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, ó ká a bí ẹní. Akọ̀pẹ méjì ń ná an lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní igbà ìgbàlódé ni. Mo bi í pé kókó wo ni kí wọ́n ta sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kókó ni kókó, kí wọ́n ṣáà ti fà á le."

Irọ́ ni! Irọ́ yẹn ló sì ń ṣe àwọn èèyàn wa léṣe.

Ẹ bi ìyá ọmọ léèrè. Ṣé bó ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́gi náà ló ṣe ń so ọ̀já tó fi pọn ọmọ? Ó mọ̀ pé ohun pẹlẹbẹ ò rí bí ohun roboto. Gèlè tó bá ń dán, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa tún un wé kó tó dúró. Bẹ́líìtì mọ́tò, ọ̀já ni. Ó pẹlẹbẹ, ó ń dán, ó ń yọ̀. Igbà tí àwọn bàbá wa fi fọ́nrán ọ̀pẹ lọ́, ara ẹ̀ ò jọ̀lọ̀, ó máa ń di ara ẹ̀ mú. Ó tún le, tí akọ̀pẹ bá jù ú sókè lára igi, á lọ síbi tó rán an. Ẹ ju bẹ́líìtì sókè kẹ́ ẹ wò ó, ṣe ló máa wó lulẹ̀ bí aṣọ tó tutù.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà lọ́nà Odẹ́dá, mi ò ní dárúkọ wọn. Kókó tá a fi ń di ẹnu àpò gààrí ni wọ́n ta sí bẹ́líìtì wọn, ìpẹ̀kun tí wọ́n fi sílẹ̀ ò ju ìka méjì lọ. Ó gbé wọn gun ọ̀pẹ mẹ́jọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lórí ìkẹsàn-án, wọ́n fara ti ẹ̀yìn kí wọ́n lè gé ìdì ẹyìn, wọ́n sì já lulẹ̀. Egungun ìbàdí ló lọ. Ìyàwó wọn ló ń bójú tó oko báyìí. Bẹ́líìtì yẹn ò já o! Mo fi ọwọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ibi kankan tó gé. Kókó ló tú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń tú. Tẹ́ ẹ bá ń gùn, igbà á gba ìwọ̀n yín, á dẹ̀, á tún gbà á, á tún dẹ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá dẹ̀, ìpẹ̀kun á sún wọlé díẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀, torí ojú yín ń bẹ lókè.

Kókó tó bá ohun pẹlẹbẹ mu wà. Àwọn tó ń gun àpáta lókè òkun ń pè é ní water knot. Ẹ ta kókó kan ṣoṣo sí ìpẹ̀kun kan, ẹ má fà á le. Ẹ mú ìpẹ̀kun kejì, ẹ ti ibi tí ti àkọ́kọ́ ti jáde wọlé, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé ojú ọ̀nà ẹ̀ padà títí á fi jáde lódìkejì. Kí méjèèjì sùn léra wọn bí ẹní méjì, kí ọ̀kankan má lọ́. Ẹ wá fa gbogbo ẹ̀ le gan-an. Ìpẹ̀kun tó kù lápá méjèèjì kò gbọdọ̀ kéré sí íǹṣì mẹ́ta, èmi á ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojóbó ńkọ́? Ẹ má dán an wò! Ẹni tó bá fi ojóbó sí ìbàdí lórí ọ̀pẹ, òun fúnra ẹ̀ ló máa fún ara ẹ̀ pa.

Mi ò ní tàn yín, water knot náà máa ń sún. Àwọn tó ń lò ó gan-an máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gùn, nígbà gbogbo. Tó bá sì ti gba ìwọ̀n èèyàn tán, títú ẹ̀ á di iṣẹ́. Akọ̀pẹ sì gbọ́dọ̀ tú igbà ẹ̀ nídìí gbogbo ọ̀pẹ, torí orí ọ̀pẹ ò ní jẹ́ kó gba òkè yọ. Ṣé ẹni tó ti gun mẹ́wàá, tí oòrùn ti mú, máa ní sùúrù yẹn? Kò ní ní in. Kókó àpò gààrí ló máa padà sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé igbà fọ́nrán ni kó gbé yín gùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ́líìtì, kó jẹ́ ìkejì tó máa gbà yín tí igbà bá já, kó sì jẹ́ tuntun.

Ẹnì kan á ní ṣebí òyìnbó ń fi irú ẹ̀ gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n ń lò, ilé iṣẹ́ ló rán an pọ̀, wọ́n kọ agbára ẹ̀ sí i lára, 22 kN, ìyẹn bí ẹrù 2,200 kílò. Èyí tí ẹ rà ńkọ́? Ta ló mọ iye ọdún tí oòrùn fi jẹ ẹ́? Bẹ́líìtì tó bá ti di èèyàn mú nínú ìjàmbá mọ́tò, àwọn tó ṣe mọ́tò fúnra wọn ní ká pààrọ̀ ẹ̀. Òun lẹ wá ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ. Kókó tẹ́ ẹ bá ta sí i tún máa mú tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀ lọ. Ká má tíì sọ ti kùkùté imọ̀ tó ń rẹ́ etí ẹ̀, tàbí ti àdá tó bá ṣèèṣì kàn án.

Mo mọ̀ pé igbà gidi ti wọ́n, àwọn àgbà tó ń lọ́ ọ sì ti ń dín kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin tẹ́nẹ́rà tí a lè dúró nílẹ̀ kọ fún ọdún mélòó kan, kò kàn án lónìí. Àmọ́ ọ̀pẹ tó pọ̀ jù nílẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn tó ga ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba akọ̀pẹ síṣẹ́, ẹ̀yin ni mo bá wí jù. Ẹ máa ń ka ìdì ẹyìn lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wo kókó ẹ̀ kó tó gùn. Tí ìpẹ̀kun bá kúrú, ẹ ní kó tún un ta.

Ẹni tó bá mọ ẹni tó ṣì ń lọ́ igbà ní Odẹ́dá, Òṣíẹ̀lẹ̀ tàbí Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ẹ kọ àdúgbò àti iye tó ń tà á sísàlẹ̀ ibí. Mẹ́rin ni mo fẹ́ rà.