Ẹ Fún Ẹni Tó Ń Bá Yín Tọrọ Lówó Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa, a ò sì ní gbé e mì. Àwọn yunifásítì wa ti rí i pé owó ìjọba nìkan kò lè gbé wọn. Òfin TETFund tó jáde ní 2011 ní kí wọ́n máa mú lára owó orí ilé iṣẹ́ wá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ojú fèrèsé gbọ́ ẹ̀kọ́ rí nítorí pé inú kíláàsì kún mọ̀ pé kò tíì tó. Àwọn òbí náà ń san ju agbára wọn lọ. Ní oṣù keje 2023, Yunifásítì Èkó tó múlé tì wá kéde owó tuntun, ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní nǹkan bí 19,000 Náírà sì fò kọjá 100,000.

Ìdí nìyẹn tí àwọn yunifásítì fi ń dá ọ́fíìsì sílẹ̀ tó jẹ́ pé owó wíwá ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá àwọn tó ti kàwé jáde kàn, wọ́n á kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n á pe àwọn olówó sí ayẹyẹ, wọ́n á sì fi orúkọ ẹni tó bá dáwó sára gbọ̀ngàn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí à ń bá wọn jà sí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba kọ́bọ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ọmọ Ìlàjẹ ní Bàrígà ni wá, etí ọ̀sà níbi tí a ti ń wo afárá Third Mainland láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Àwọn bàbá wa kan ń pẹja, àwọn kan ń wa yanrìn lábẹ́ omi, àwọn ìyá wa ń yan ẹja. Àwa mẹ́rin la jọ lọ ṣe IT ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, ní yunifásítì kan tó wà lódìkejì ìlú. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é.

Iṣẹ́ náà dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Wọ́n kó ìwé orúkọ àwọn tó ti jáde láti ọdún gbọọrọ fún wa. A ó wá wọn lórí Facebook, a ó pè wọ́n, a ó kọ èyí tó ti kú sọ́tọ̀, a ó kọ èyí tó ti lọ Kánádà sọ́tọ̀, a ó sì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹni tó bá fi nǹkan ránṣẹ́. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ìlérí orí máíkì yàtọ̀ sí owó inú báńkì. Ẹni tó pariwo mílíọ̀nù lọ́jọ́ ayẹyẹ lè má gbé fóònù mọ́ tó bá di ọjọ́ kejì, nígbà tí tíṣà tó ń fi 5,000 ránṣẹ́ lọ́dọọdún kò ní yẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: yin ni yin ni kí ẹni ṣe òmíràn. Wọ́n tún ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ọkọ̀ mẹ́ta ni láti Ìlàjẹ dé ibẹ̀: kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, dáńfó méjì. Mẹ́ta náà ni àbọ̀. Fóònù wa la fi ń pè, káàdì ìpè tiwa, dátà tiwa. Oúnjẹ ọ̀sán, kálukú mọ ọ̀nà tó ń gbà. Oṣù mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Níbo ni owó yẹn ti wá? Inú ẹja yíyan ló ti wá. Nítorí náà, kí olówó kankan tó mú ṣẹ́ẹ̀kì jáde, àwọn ìyá wa nídìí ààrò ti dáwó fún yunifásítì náà. Lẹ́tà ìdúpẹ́ tí a fi ọwọ́ ara wa kọ kò níye, kò sí ọ̀kan tó lọ sọ́dọ̀ wọn.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí iṣẹ́ lẹ ń kọ́? Ta ló ń sanwó fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́?” Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí. Lóòótọ́, ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣe á fún un lówó oúnjẹ, kò ní ní kó ra pépà tí wọ́n máa fi tẹ̀wé oníbàárà. Tó bá parí, wọ́n á ṣe fírídọ̀mù fún un, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ó ti mọṣẹ́. Àwa ńkọ́? Wọ́n fún wa ní lẹ́tà kan tó ní a hùwà dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ fi àṣà ẹ̀kọ́ṣẹ́ dá wa lóhùn, kó gbé gbogbo àṣà náà wá, kó má mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn nìkan.

Àwọn mìíràn á ní ìjọba ló yẹ kó san án. Òótọ́ ni pé ITF dá ètò SIWES sílẹ̀ ní 1973, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, sáyẹ́ǹsì àti irú wọn ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ẹni tó ń kọ́ èdè tàbí ìtàn, irú wa tí ọ́fíìsì owó wíwá máa ń fẹ́ nítorí pé a lè kọ lẹ́tà, kì í sábà sí nínú rẹ̀. Àwọn tó tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, 2,500 Náírà lóṣù ni wọ́n fi ń kà fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

“Kò sówó” ni èsì tó kù. Tẹ́ẹ bá délé ayẹyẹ ìkówójọ wọn, tẹ́ẹ rí kánópì, bọ́ọ̀lì ìrẹsì àti báàgì tí wọ́n tẹ orúkọ sí lára, ẹ óò mọ̀ bóyá kò sówó. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó àfipamọ́ Harvard nìkan ti ju 50 bílíọ̀nù dọ́là lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì bá mú kó máa pe àwọn tó ti jáde, wọ́n máa ń sanwó wákàtí tó bá lò fún un. Ẹ má ní torí pé wọ́n lówó ni. Nígbà tí àwọn ará Ìlàjẹ dá Ayétòrò sílẹ̀ létí òkun ní 1947, wọn ò san owó oṣù fúnra wọn. Àpò àjọ ni gbogbo èrè iṣẹ́ wọn ń lọ. Ṣùgbọ́n inú àpò yẹn náà ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Wọn ò sọ pé kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìlú lọ tọrọ gààrí nílé ìyá rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan nínú wa kò wá mọ́, torí owó ọkọ̀ tán. Òun ló mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ jù nínú wa. Ó padà sídìí yanrìn. Tí irú rẹ̀ bá ń lọ, ọmọ ẹni tó ní mọ́tò nìkan ló máa ku iṣẹ́ náà kù, ọ̀dọ̀ àwọn olówó tó mọ̀ nìkan ló sì máa lọ. Àwọn ẹlẹ́ja, awakọ̀ àti tíṣà tó lè dá 1,000 Náírà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n.

Nǹkan kan tún wà tó jọ pé àwọn ọ̀gá wa ò rò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe IT lónìí, òun náà á jáde lọ́la. Lọ́jọ́ kan, ọmọdé mìíràn á pè é pé kó dáwó. Kí lẹ fẹ́ kó rántí lọ́jọ́ náà?

Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ pèsè fóònù ọ́fíìsì, kí ẹ sì ra káàdì tí a máa fi pè. Ẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó àti bí wọ́n ṣe ń bá olóore sọ̀rọ̀ lójúkojú, kì í ṣe kí a kàn máa lẹ àpòòwé. Kí ẹ sì kọ orúkọ wa sínú ìròyìn ọdọọdún yín, níbi tí ẹ ti ń kọ orúkọ àwọn tó ràn yín lọ́wọ́. Yunifásítì tí kò bá lè ṣe èyí, kó má gba akẹ́kọ̀ọ́ fún IT. Kí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ máa pe àwọn èèyàn fúnra wọn.